Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Iná Táímìn fún Alùpùpù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ alùpùpù àtijọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ṣì ní irú rẹ̀ nílé, bóyá èyí tí bàbá fi sílẹ̀, tàbí èyí tí ẹ fúnra yín rà nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀. Honda CG125 kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kí ó tó di tèmi. Kò pẹ́ tó dé ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí mo bá ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ́ńjìnnì a máa ró kán-kán-kán bí ẹni ń fi òkúta lu páànù. Bí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, irin ìtẹ̀sẹ̀ a gbá ẹsẹ̀ mi padà. Ní ọjọ́ kan, ó gbá mi tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ẹsẹ̀ mi wú, tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tiro lọ síbi iṣẹ́.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní písítìnì ló ti jẹ. Mo ra písítìnì, mo ra ríìnì, mo san owó iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta kò pé tí orí písítìnì tuntun náà fi lu. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ni mo ti ná sórí rẹ̀, ẹ̀rọ sì tún dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbéyàwó mọ̀ pé ìdákẹ́ yẹn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Bàbá mẹkáníìkì kan ló gbà mí. Ó tún ẹ̀rọ náà dì, ó sì ní kí n má tíì gùn ún lọ. Ó mú ohun kan jáde tó dà bí ìbọn kékeré, ó fi wáyà rẹ̀ kọ́ bátìrì, ó tẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló wí pé, “Ọmọ mi, etí ni wọ́n fi ṣe táímìn ẹ̀rọ yìí. Etí gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí.”

Kí ni táímìn yìí? Nínú sílíńdà, púlọ́ọ̀gì ní láti tanná díẹ̀ kí písítìnì tó dé òkè, nítorí epo bẹntiróòlù kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá yá jù, agbára iná á pàdé písítìnì tó ṣì ń gòkè bọ̀. Ohun tó ń ró kán-kán nìyẹn, òun náà ló ń gbá ẹsẹ̀ ènìyàn, òun ló sì ń mú ooru tó ń lu orí písítìnì. Bí iná bá pẹ́ jù, ẹ̀rọ á máa wọ́ra, páìpù èéfín á gbóná janjan, epo á sì máa tán bí omi inú ajere.

Báwo wá ni iná táímìn ṣe ń ríran? Ìdè kan wà lára rẹ̀ tí a ń fi há wáyà púlọ́ọ̀gì. Nígbàkígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tanná, iná náà á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa kò lè mú un. Ṣùgbọ́n nítorí pé ibì kan náà ni fúláíwíìlì máa ń wà nígbà tí iná bá ṣẹ́jú, ojú wa á rí i bí ẹni pé ó dúró gbagidi.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo kọ́ńtáàtì. Lórí ọ̀pọ̀ Honda kékeré àtijọ́, àlàfo rẹ̀ nígbà tó bá là tán jẹ́ 0.3 sí 0.4 mílímítà. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, iná á yá. Bí ó bá dín, iná á pẹ́.

Ìkejì, ẹ wá àmì lára fúláíwíìlì. T ni ibi tí písítìnì ti dé òkè pátápátá. F ni ibi tó yẹ kí púlọ́ọ̀gì ti tanná nígbà tí ẹ̀rọ bá ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan. Ẹ fi ẹfun kun F, kí ojú lè tètè rí i.

Ìkẹta, bátìrì ọkọ̀ ni kí ẹ fi tan iná táímìn, torí pé fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ fóòtì 6 ni ti ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́. Ẹ tẹ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó rọra máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì tẹ́ iná sí àmì. Bí F bá ṣe déédéé pẹ̀lú àmì ara ẹ́ńjìnnì, ó dára. Bí F kò bá tíì dé ibẹ̀, iná yá jù. Bí ó bá ti kọjá, iná pẹ́. Ti tèmi kò tíì súnmọ́ ọn rárá.

Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó tún un ṣe. Níbi tí àwo kọ́ńtáàtì bá ṣe é yí, ẹ yí i lọ síbi tí fúláíwíìlì ń yí sí kí iná lè pẹ́, tàbí ní òdìkejì kí ó lè yá. Níbi tí kò bá ṣe é yí, àlàfo kọ́ńtáàtì ni ẹ ó fi dọ́gbọ́n rẹ̀, láìjẹ́ kí ó kọjá ìwọ̀n. Bí àmì bá ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún, kọ́ńtáàtì ti jẹ tàbí nǹkan kan ti yẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ kan fúláíwíìlì náà o! Ó dà bí ẹni pé ó dúró ni, kò dúró. Ìka ọwọ́ kò ní ìpààrọ̀ lọ́jà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí èéfín, kí ẹ sì wá ibòji kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn.

Ẹni tó bá ń gun Bajaj Boxer àti irú rẹ̀ kò ní kọ́ńtáàtì tí yóò máa tún ṣe, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gba owó táímìn lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ bá mẹkáníìkì yín jà. Etí wọn ti gba ọ̀pọ̀ wa lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ró kán-kán, tàbí tó ń gbá ẹsẹ̀, ẹ bi wọ́n tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ kí ẹ tó ra písítìnì: “Ṣé ẹ ti fi iná wò ó?” Ìbéèrè kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí n tún ná owó ilé-ìwé ọmọ mi mọ́. Honda ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n títí dòní, kò sì gbá mi mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà á sàn wá o.