Àlejò Orí Omi àti Erékùṣù Huahine

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣe fàájì káàkiri àwọn erékùṣù Polinísíà mu wẹ́kú. Wọn a dé, wọn a ju ìdákọ̀ró, wọn a wẹ̀ nínú omi tí ó mọ́ gaara, wọn a sì ya àwòrán igi àgbọn àti iyanrìn funfun. Lẹ́yìn náà wọn a ta ìgbòkun, wọn a sì máa sọ kiri pé àwọn ti mọ ibẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí etí òkun nìkan kò tí ì rí ìlú. Erékùṣù Huahine jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Inú Òkun Pàsífíìkì ni Huahine wà, lábẹ́ ìjọba Faransé, ní nǹkan bí 170 kìlómítà sí Tàhítì. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré lè fi ọ̀sán kan àti òru kan rin ọ̀nà náà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa ṣí ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn nítòsí erékùṣù náà. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fẹ́ wọ ibẹ̀ nínú òkùnkùn, nítorí pé òkúta iyùn yí i ká bí ọgbà. Ìgbì òkun a máa fọ́ lu ọgbà yìí, a sì máa hó yeeye. Ṣùgbọ́n ní inú lọ́hùn-ún, omi ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnu ọ̀nà díẹ̀ ni ọgbà náà ní. Ẹni tí ó bá gba èyí tí wọ́n ń pè ní Avamoa wọlé yóò bá ara rẹ̀ ní iwájú Fare, ìlú tí ó jẹ́ olórí níbẹ̀.

Níbí ni ìwà àlejò ti kọ́kọ́ ń hàn. Iyùn inú òkun kì í ṣe òkúta lásán. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké ni ó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti fi ọdún tí kò níye ṣe iṣẹ́ náà. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo tí a bá jù lé e lórí lè fọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ní ọ̀wọ̀ yóò wá ibi tí iyanrìn wà kí ó tó dá ọkọ̀ rẹ̀ ró. Ẹni tí kò ní í yóò ba ilé onílé jẹ́ kí ó tó kí onílé rárá.

Bí àlejò bá sì gúnlẹ̀, kí ó má ṣe jókòó sí etí omi. Erékùṣù méjì ni Huahine jẹ́ ní tòótọ́: Huahine Nui, èyí ńlá, àti Huahine Iti, èyí kékeré, afárá ni ó so wọ́n pọ̀. Òkè Turi ga tó mítà 669. Ní abúlé Maeva, ẹni tí ó bá rìn yóò rí àwọn marae, èyíinì ni àwọn ojúbọ olókùúta tí àwọn ìdílé olóyè ìgbàanì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, láti etí omi títí dé ara òkè. Nínú omi tí ó wà nítòsí, yóò rí ògiri òkúta tí wọ́n tò sọ́wọ́ ọ̀tún àti sọ́wọ́ òsì, tí ó fẹ̀ ní ẹnu tí ó sì há ní ìdí. Bí omi ti ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ẹja wọ inú rẹ̀. Ẹja náà kò sì ní mọ ọ̀nà àbájáde mọ́. Kò sí ìwọ̀, kò sí àwọ̀n, síbẹ̀ ọbẹ̀ kò ní ṣàì ní ẹja. Ní abúlé Faie ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹja gígùn kan wà nínú odò, tí wọ́n dàbí ejò, tí ojú wọn sì ní àwọ̀ búlúù. Àwọn ará ibẹ̀ kà wọ́n sí ohun ọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fara sin. Láàrín ọdún 1970 sí 1979, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ láti kọ́ ilé ìtura kan nítòsí Fare, wọ́n bá ohun èlò àwọn ará àtijọ́ pàdé. Yosihiko Sinoto, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Hawáì, ni ó bójú tó ìwalẹ̀ náà. Nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti rí pákó ọkọ̀ ńlá àti àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ agbéni-la-òkun ni, kì í ṣe ọkọ̀ apẹja etí ọ̀sà.

Ó yẹ kí ènìyàn ronú sí èyí dáadáa. Ní ọdún 1956, Andrew Sharp kọ ìwé kan nínú èyí tí ó ti wí pé àwọn ará Polinísíà kò lè mọ̀ọ́mọ̀ tọ ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ lórí òkun, pé àgbákò ìjì ni ó gbá púpọ̀ nínú wọn dé erékùṣù wọn. Ọgbà oko Huahine nìkan tó láti mi ọ̀rọ̀ yìí. Gbẹ̀rẹ̀fútù, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń bẹ níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó hù fúnra rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá, pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti adìẹ. Apẹja wo ni ó ń kó irúgbìn, ẹran ọ̀sìn, aya àti ọmọ dání nígbà tí ó ń lọ pẹja? Ẹni tí ó kó gbogbo wọ̀nyí mọ ibi tí ó ń lọ, tàbí ó kéré tán, ó ti pinnu láti dé ibi kan.

Ẹ̀rí mìíràn sì wà. Nígbà tí ọ̀gágun ojú omi James Cook dé Huahine ní ọdún 1769, Tupaia, ọmọ Raiatea, wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Tupaia mú kí ọkùnrin kan mòòkùn lọ wo bí ìdí ọkọ̀ ti jìn nínú omi tó, kí wọ́n má baà fi í kọlu òkúta. Òun ni ó dárúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ erékùṣù fún àwọn òyìnbó, tí wọ́n fi ya àwòrán ilẹ̀. Kò sì kà á nínú ìwé kankan.

Síbẹ̀, ọgbọ́n tí a kò bá lò a máa parun. Nígbà tí àwọn ará Hawáì kan ọkọ̀ Hōkūleʻa láti dán ọgbọ́n àtijọ́ wò, wọn kò rí ẹnì kan mọ́ láàrín ara wọn tí ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní láti lọ bẹ Mau Piailug láti erékùṣù Satawal, ní Maikironísíà. Ní ọdún 1976, ó fi ìràwọ̀, oòrùn àti ìgbì òkun tọ́ wọn láti Hawáì dé Tàhítì, ọ̀nà tí ó ju 4,000 kìlómítà lọ, láìsí kọ́ńpáàsì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó jáde wá pàdé wọn ní Papeete.

Àwọn kan yóò wí pé arìnrìn-àjò kò wá kẹ́kọ̀ọ́, pé ìsinmi ni ó wá, àti pé owó tí ó ń ná ní ọjà Fare tó fún àwọn onílé. Òótọ́ ni pé owó náà wúlò, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìsinmi. Ṣùgbọ́n owó kò lè ra ohun tí ẹsẹ̀ kò rìn dé. Àwọn mìíràn yóò bi í pé, níwọ̀n bí ẹ̀rọ ti ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lónìí, kí ni ìwúlò ọgbọ́n ìràwọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀rọ lè kú ní àárín òkun. Èyí tí ó burú jù ni pé, ẹni tí ó bá gbójú fo ọgbọ́n àwọn ará ìṣáájú yóò gbàgbọ́ láìpẹ́ pé wọn kò gbọ́n rárá.

Nítorí náà, kí àlejò orí omi sọ̀ kalẹ̀. Kí ó kí onílé ní èdè wọn pé “Ia ora na”. Kí ó má ṣe fi òkúta marae ṣe àga ìjókòó. Kí ó béèrè, kí ó sì gbọ́. Òun tí ó fi ìgbòkun wá yóò wá mọ̀ pé ọ̀nà tí òun tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Àwọn kan ti là á ṣáájú, láìní ìwé, láìní kọ́ńpáàsì, pẹ̀lú ọmọ wọn lọ́wọ́ àti irúgbìn nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá kúrò ní Huahine pẹ̀lú ìmọ̀ yìí ni a lè wí pé ó dé Huahine.