Ẹ san owó Help to Buy yẹn kí ilé tó wọ́n sí i

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ fi Help to Buy ra ilé ní England, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. PhD ni mo ṣì ń ṣe, mi ò tíì ní ilé, àmọ́ ìṣirò ò mọ àgbà.

Ẹ̀ ń sọ pé, "Ọdún márùn-ún ò sí èlé, ọdún kẹfà 1.75%. Kí ló tó bẹ́ẹ̀?" Èlé kọ́ ni wàhálà. Ìpín nínú iye ilé lẹ jẹ ìjọba. Ẹni tó ra ilé £250,000, tó sì gba 20%, £50,000 ló gbà. Tílé bá di £300,000, £60,000 ló máa san. Èlé tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣooṣù ò sì dín kọ́bọ̀ kù níbẹ̀.

Lóòótọ́, tí iye ilé bá já wálẹ̀, gbèsè náà á dín kù. Àmọ́ ta ló ń gbàdúrà fún ìyẹn?

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà, áḿbọ̀sì tiyín àti ti ìjọba. Tó bá tó àsìkò láti remortgage, ẹ bi báńkì bóyá wọ́n lè yá yín kún un láti fi san án. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣeé ṣe, ẹ san apá kan.

Mo mọ̀ pé ilé ń lọ lọ́wọ́ n'Íbàdàn. Ilẹ̀ yẹn ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí síméǹtì dúró díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba tibí sílẹ̀.