Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Di Olórí Onílù

Ẹni tí ó bá la Lẹ́kì kọjá dé Ajah lóde òní yóò rí i pé iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ kò mọ sí ilé ńlá àwọn oníṣòwò rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́. Yàrá kan, kọ̀ǹpútà kan, makirofóònù kan àti fóòmù lára ògiri ti tó fún ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn. A kí wọn kú iṣẹ́. Orin wọn ti sọ orúkọ ilẹ̀ wa di mímọ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fẹ́ràn ni a ń bá wí, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó yẹ kí a bá wọn sọ.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó gbajúmọ̀ láàárín wọn ni FL Studio, tí ilé-iṣẹ́ Image-Line ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kọ́kọ́ gbé jáde ní 1997. Bí ènìyàn bá ṣí i, ojú àpótí 16 ni yóò bá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a pín ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ọgbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quantize. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ìlù tí ó yá jù tàbí tí ó pẹ́ jù wá sórí ìlà tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. Roger Linn, ará Amẹ́ríkà, ti fi irú ọgbọ́n yìí sínú ẹ̀rọ ìlù rẹ̀, LM-1, ní 1980. Òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé títọ́ gbọnrangandan nìkan kò tó, ni ó fi fi ọgbọ́n swing kún un, kí ìlù lè máa fì díẹ̀ bí ẹni ń jó.

Níbo ni ìṣòro wà? Ẹ wo kọ́ńkóló, ohùn agogo tí àwọn baba wa fi ń tọ́ ìlù sọ́nà. Ìlù 7 ni a ń lù nínú ìṣísẹ̀ 12. Ìṣísẹ̀ 12 kò lè bọ́ sínú àpótí 16 láìfarapa. Ọ̀dọ́ tí kò mọ èyí yóò tẹ quantize, ẹ̀rọ yóò sì tì wọ́n síbi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a yí ètò náà padà sí pínpín mẹ́ta-mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ìyáàlù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ, gígùn àti kíkúrú ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ara ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ bá wọn gbogbo rẹ̀ dọ́gba, oríkì di ariwo. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, ọmọ Èkó, kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún ní 1990. Ohun tí ó tó kọ ìwé lé lórí kò yẹ kí á fi bọ́tìnnì kan nù.

Bákan náà ni arpeggio. Ẹ̀rọ yóò gba ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tẹ̀ papọ̀, yóò sì máa sọ wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni oníjìtá jùjú ń já okùn, bẹ́ẹ̀ ni alágídìgbo ń ta irin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alágídìgbo máa ń dákẹ́ kí olórin lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kì í dákẹ́ àfi bí a bá pa á láṣẹ. Ẹ dín gígùn ohùn rẹ̀ kù, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan yóò wí pé owó onílù wọ́n, pé àwọn tí ń jó kò bìkítà. A gbà pé owó ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ kan náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Séólù. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ Àyàn. Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní 1940, tí ó sì kú ní Párísì ní 2020, kò di ẹni tí ayé ń wá kiri nípa lílu ìlù bí aago. I. K. Dairo náà gba àkọ́díọ̀nù lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ilé nínú jùjú. Kò jẹ́ kí ó sọ òun di ẹrú.

Nítorí náà, a kò wí pé kí ẹnikẹ́ni gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jù sí ọ̀sà. Ẹ pe onílù wọ yàrá yín, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹ jẹ́ kí quantize mọ níwọ̀n lára gúdúgúdú, kí ó má sì kan ìyáàlù rárá. Ẹ̀yin àgbà onílù pẹ̀lú, ẹ má fi ojú àìmọ̀kan wo àwọn ọmọ yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ọdún 20 ní Ajah kò bá gbọ́ kọ́ńkóló lẹ́nu yín, ibo ni yóò ti gbọ́ ọ?