Koríko tí àgbò iléyá kò lè jẹ

Bí wọ́n bá so àgbò iléyá sínú ọgbà olówó kan, tó rí koríko tó tutù minimini, tó sáré fi ẹnu bù ú, tó tún tú u dànù, ẹ má fi àgbò náà rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe pé ó yó. Ike ló bù jẹ. Koríko oníke ló wà lóde báyìí, ẹ̀yin èèyàn, kò sì mọ sí pápá bọ́ọ̀lù nìkan mọ́. Ó ti wọ inú ilé, àgàgà ilé tó bá ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní suwímìn púùlù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní ìlú Houston, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré ńlá kan, Astrodome, tí wọ́n fi òrùlé bò pátápátá. Lọ́dún 1965 tí wọ́n ṣí i, koríko gidi ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń gba òrùlé wọlé kì í jẹ́ káwọn eléré rí bọ́ọ̀lù, ni wọ́n bá kun òrùlé lọ́dà. Bí koríko ò ṣe rí oòrùn mọ́ nìyẹn, ló bá kú. Lọ́dún 1966, wọ́n gbé èyí tí iléeṣẹ́ Monsanto fi ike ṣe síbẹ̀, wọ́n pè é ní AstroTurf. Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, gbogbo ìdíje Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Kánádà, èyí tí Super Falcons náà lọ, orí koríko oníke ni wọ́n ti gbá a.

Ta ló máa dá ọmọ Ìwó tó kọ́lé sílé lẹ́bi, tó bá ní òun náà fẹ́ ẹ? Ìwó Olódò Ọbà ni wọ́n ń ki ìlú, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, koríko gidi á gbẹ, á wá dà bí ewé tábà. Ẹni tó jẹ́ pé Èkó tàbí Ìbàdàn ló ti ń jẹun, tó jẹ́ ìparí oṣù ló ń wálé, ta ló fẹ́ máa bá a bomi rin ín? Bí òjò bá sì dé, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n máa gbé wọ púùlù, omi á dà bí àgbàrá. Koríko oníke ò ní kí wọ́n fi àdá gé òun, ẹrẹ̀ ò sì sí lórí ẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí.

Ohun táwọn tó ń tà á kì í fẹ́ẹ́ sọ ni pé abẹ́ ẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kì í ṣe ẹní tí wọ́n kàn ń tẹ́. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlé díẹ̀, á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, á tẹ̀ ẹ́ kó le, á sì jẹ́ kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá ìta, kí omi òjò má baà máa ṣàn wọ púùlù. Bó bá jẹ́ orí kọnkéré ni, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tómi máa gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á dá sábẹ́ ẹ̀, á máa rùn. Ibi tí abala méjì bá ti pàdé, tẹ́ẹ̀pù àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń so ó. Etí omi gan-an ni kí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ dáadáa jù, torí ibi tó bá ṣí sókè ló máa kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sórí pápá bọ́ọ̀lù, kò yẹ níbẹ̀ rárá, inú omi ló máa bọ́ sí, á lọ dí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin lọ́dún 2023 pé títà rẹ̀ máa dópin lọ́dún 2031.

Ooru ńkọ́? Lọ́sàn-án gangan, ike yìí lè gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé ò lè gbà á. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá ìbòòji, kó sì máa wọ́n omi sí i. Omi tí wọ́n ní kò béèrè nìyẹn o!

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ilẹ̀ tutù, koríko tó dùn-ún wò bẹ́ẹ̀ á máa pe ọmọdé wá ṣeré. Bí iléyá bá sì dé, ọmọ Èkó, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, gbogbo wọn á kóra jọ sínú ilé tí wọn ò mọ̀ dáadáa. Àwọn ìyá wà nídìí ẹran, àwọn bàbá ń gbàlejò, kálukú ń rò pé ẹlòmíì ló ń ṣọ́ ọmọ.

Ta ló gbàgbé ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2022? Ọjọ́ náà ni omi púùlù pa ọmọkùnrin Davido nílé wọn ní Banana Island, l'Ékòó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ará Ẹdẹ ni ìdílé Adélékè, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà tí Ìwó wà. Lọ́dún 2018, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí D'banj, ọmọ tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan ni. Kì í ṣe ilé aláìní nìyẹn o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ni omi pa kárí ayé lọ́dún 2021, àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo, torí ẹnu rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí fẹ́ǹsì ṣáájú koríko. Kó yí púùlù ká níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kó má níbi tọ́mọ lè fẹsẹ̀ tẹ̀ gùn ún, kí géètì rẹ̀ sì máa tì fúnra rẹ̀. Bí àlejò bá pọ̀ nílé, ẹ yan àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju kó ṣọ́ omi lọ, kó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí owó ò bá ká méjèèjì, ẹ fi koríko sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Koríko tó bá bàjẹ́, ọjà wà tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọ ò sí lọ́jà.