Ọwọ́ Obìnrin Lójú Títì

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdọọdún, ìyìn obìnrin a máa kún ẹnu àwọn ọkùnrin Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ obìnrin bá na ọwọ́ kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá títì, fèrè àti èébú ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń dá a lóhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1953 sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ dúró bí ẹni tí ń mú ọmọ sọdá bá gbé àmì rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yan irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, nítorí ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Awakọ̀ tí ó bá bọ̀wọ̀ fún obìnrin ní tòótọ́ yóò dúró, ẹ̀mí ọmọ yóò sì là.