Ta Ló Yẹ Ká Bu Ọlá Fún Lórí Omíyalé?

Ẹ̀yin olùdìbò Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀ àti Challenge, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìlù àti agbádá bò wá lójú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé: adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá já, ẹni tó lé ní 100 kú. Oṣù kan náà! Òjò mọ ọjọ́ tirẹ̀, àwọn tó ń ṣèlú ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògúnjẹ́, tó jáde láyé ní 2022, fi ọdún pípẹ́ kọ̀wé nípa bí Ìbàdàn ṣe ń gbòòrò. Ọlá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ńkọ́, tí àwọn ìyá wa máa ń sá fún nítorí gọ́tà? (Èmi náà sá!) Àwọn ló ń pa ọ̀nà omi mọ́. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn nínú gọ́tà Ring Road ńkọ́?

Ní 2014, World Bank fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn. Gbèsè ni, àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé: ta ni yóò máa kó ìdọ̀tí inú odò? Ta ni yóò lé ẹni tó ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi, bó tilẹ̀ jẹ́ olówó? Ìgbà wo ni wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì yóò gba owó rẹ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má tẹ̀ka fún un.