Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ohun Tí Oògùn Fúnra Rẹ̀ Ṣe

Sí Olùdarí Àgbà Àjọ NAFDAC, Abuja.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi ń bẹ̀ yín.

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn sí Èkó á ti gbọ́ ọ: BP baba kan wà ní 180, ó mu ìgò àgbo méjì, ó di 150. Kí ọlọ́jà tó sọ tán, owó ti ń jáde lápò. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni BP baba wálẹ̀. Ta ló wá sọ pé ìgò yẹn ló mú un wálẹ̀? Ìgbà tí BP bá ga jù lèèyàn ń sáré wá ìtọ́jú. Bí a bá tún un wọ̀n, ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà á dín iyọ̀ kù, kì í sì í gbàgbé oògùn dókítà mọ́.

Irú nǹkan yìí ti tan àwọn dókítà pàápàá rí: wọ́n dán ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò tí wọ́n fi ń jó àwọn iṣan ìmọ̀lára tó yí òpó ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín ká. Nínú àwọn ìwádìí ìṣáájú, BP fi nǹkan bí 30 wálẹ̀, inú àwọn dókítà sì dùn. Nígbà tí èsì ìwádìí SYMPLICITY HTN-3, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, jáde ní 2014, wọ́n ti fi ìtọ́jú àfarawé ṣe ti àwọn kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ti àwọn tí wọ́n tọ́jú fi 14 wálẹ̀. Ti àwọn tó gba àfarawé náà fi nǹkan bíi 12 wálẹ̀!

Oògùn tó gbéṣẹ́ kò ní í sá fún irú ìfiwéra yìí. Nínú ìwádìí ti 2021 lórí semaglutide, oògùn tó ń dín ìwọ̀n ara kù, ìwọ̀n ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín kù. Ti àwọn tó gba plàsíbò, abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, kò ju ìdá 2.4 lọ.

Ẹ ti ní kí àwọn elégbòogi kọ ọ́ sára ìgò pé ẹ kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ wò. Ẹ ṣeun. Àmọ́ lẹ́tà wínníwínní ni, kò sì sẹ́ni tó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá polówó iye tí BP tàbí ṣúgà fi wálẹ̀, ẹ sọ ọ́ di dandan kó sọ iye tó fi wálẹ̀ fún àwọn tó lo plàsíbò. Bí kò bá ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí, kó sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè tí ìyá ọlọ́jà gbọ́, nítorí ìyá tó bá gbà pé ìgò ti wo òun sàn lè pa oògùn dókítà tì, kí rọpárọsẹ̀ sì dá a dùbúlẹ̀.